Dídí Àlàfo Táìlì Balùwẹ̀ ní Abidjan: Bí Ó Ṣe Di Iṣẹ́ Ọwọ́ Onílé

Dídí àlàfo táìlì ni iṣẹ́ tí ó gbẹ̀yìn nínú fífi táìlì bo ògiri. Lẹ́yìn tí a bá ti lẹ táìlì mọ́ ògiri tán, tí ohun tí a fi lẹ̀ ẹ́ sì ti gbẹ, a ó po sìmẹ́ǹtì kíkúnná pẹ̀lú omi títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ, a ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú àwọn àlàfo tóóró tí ó wà láàárín táìlì kan àti èkejì. Ní Abidjan, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè iṣẹ́ ilé kíkọ́, joint ni wọ́n ń pe àlàfo náà àti ohun tí a fi dí i, barbotine sì ni wọ́n ń pe sìmẹ́ǹtì tí a pò náà. Iṣẹ́ kékeré ni lójú. Bóyá nítorí pé ó kéré náà ni ó fi jẹ́ pé òun ni onílé tí kò kọ́ṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ dáwọ́ lé fúnra rẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tí í náwó nára sórí ògiri tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ìtàn iṣẹ́ yìí ní Abidjan jẹ́ ìtàn bí àwọn ará ìlú náà ṣe kúrò nínú balùwẹ̀ àjùmọ̀lò, tí wọ́n sì wá ní ògiri balùwẹ̀ tí wọ́n lè pè ní tiwọn.

Fífi amọ̀ sísun bo ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ mú wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn ènìyàn to àpáàdì sí ojú ọ̀nà, sí àgbàlá àti sí iwájú ojúbọ. Wọn kì í tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ńṣe ni wọ́n ń gbé àpáàdì kọ̀ọ̀kan nàró lórí etí rẹ̀, tí wọ́n ń tò ó ní ìlà-ìlà, nígbà mìíràn tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí àárín rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ yìí mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, a sì ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ibì kan ní Benin àti Togo pẹ̀lú. Erùpẹ̀ ni ó di àpáàdì wọ̀nyí mú. Bí òjò bá rọ̀, omi lè gba àárín wọn wọlẹ̀ lọ, kò sì ba nǹkan jẹ́, nítorí ilẹ̀ gbangba ni. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nígbà tí ohun tí a bò bá jẹ́ ògiri, tí ẹnìkan sì ń sùn ní òdì kejì rẹ̀.

Táìlì ògiri tí ó ń dán, tí ó dọ́gba, tí iye rẹ̀ sì rọjú, kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tí ó ti wà. Ní 1824, Joseph Aspdin ti ìlú Leeds gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí sìmẹ́ǹtì tí ó pè ní Portland. Ní 1840, Richard Prosser gba tirẹ̀ lórí ọ̀nà láti fi ẹ̀rọ tẹ ìyẹ̀fun amọ̀ gbígbẹ, Herbert Minton sì mú ọ̀nà náà lò fún táìlì ṣíṣe. Nígbà tí ó di ìparí ọ̀rúndún náà, tí iṣẹ́ Louis Pasteur àti àwọn mìíràn ti fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa ọ̀pọ̀ àrùn, táìlì funfun di ohun tí a fi ń mọ ibi tí ó mọ́ tónítóní: ilé ìwòsàn, ìsọ̀ ẹran, ilé ìwẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Paris, tí wọ́n ṣí ní 1900, lo táìlì funfun bo ògiri àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀.

Ìbẹ̀rù àrùn yìí kan náà ni ó yí olú ìlú Côte d'Ivoire padà. Grand-Bassam ni olú ìlú nígbà tí Faransé sọ ilẹ̀ náà di àmúsìn ní 1893. Ibà pọ́njú jà níbẹ̀ ní 1899, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn Òyìnbó ìlú náà. Ní 1900 wọ́n kó ìjọba lọ sí Bingerville. Ní 1934 ni Abidjan di olú ìlú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pín ìlú náà sí ọ̀nà méjì. Plateau, tí ó wà lórí ilẹ̀ gíga, jẹ́ ti ìjọba àti àwọn Òyìnbó. Adjamé ní ìhà àríwá àti Treichville ní òdì kejì ọ̀sà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú. Nínú ilé Òyìnbó ní Plateau, balùwẹ̀ wà nínú ilé. Ní Treichville, ìta ni.

Irú ilé tí ó gbilẹ̀ ní Treichville àti Adjamé ni èyí tí wọ́n ń pè ní cour commune, ìyẹn àgbàlá àjùmọ̀lò. Yàrá yí àgbàlá ká, ìdílé kan sí yàrá kan tàbí méjì. Ẹnu omi ẹ̀rọ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, àti balùwẹ̀ tí kò ju igun mẹ́rin tí a mọ ògiri yí ká, tí a sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ̀ á pọn omi sínú báágẹ́ẹ̀tì, á dúró de tirẹ̀. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ó háyà irú yàrá wọ̀nyí. Anango ni àwọn ará Abidjan ń pè wọ́n, oníṣòwò sì ni púpọ̀ nínú wọn, láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Àwọn kan tún wá láti Ghana lẹ́yìn tí ìjọba Busia pàṣẹ ní November 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílẹ̀. Bí ògiri irú balùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń bó, ta ni yóò tún un ṣe? Onílé ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù, bí kò bá sì ṣe é, kò sí ayálégbé kan tí yóò fẹ́ dá a ṣe fún ìdílé mẹ́jọ mìíràn. Táìlì kò tilẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ìyípadà dé lẹ́yìn òmìnira 1960. Lábẹ́ Félix Houphouët-Boigny, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ méjì sílẹ̀ láti máa kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́: SOGEFIHA ní 1963, àti SICOGI ní 1965. Láàárín ogún ọdún, àwọn méjèèjì kọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, ní Adjamé, Koumassi, Port-Bouët, àti ní Yopougon jù lọ. Ilé pẹlẹbẹ tí a kọ́ ní ìlà-ìlà pọ̀ nínú wọn. Ògiri kan náà ni aládùúgbò méjì jọ ń lò. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọgbà tirẹ̀, omi SODECI sì wọ ilé. Fún ẹni tí ó ti inú àgbàlá àjùmọ̀lò wá, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí òun nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Ìjọba háyà àwọn kan nínú ilé wọ̀nyí fún ènìyàn, ó sì gbé àwọn mìíràn kalẹ̀ lọ́nà tí owó tí ayálégbé ń san díẹ̀díẹ̀ yóò fi sọ ilé di tirẹ̀ nígbẹ̀yìn. Níbi tí ìgbẹ̀yìn yìí ti wà ni iṣẹ́ ọwọ́ onílé ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn olùgbé Yopougon kò fi ilé SICOGI àti SOGEFIHA sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Wọ́n fi yàrá kún un, wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n gbé ilé ìdáná kúrò ní ibi kan lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì yọ ìsọ̀ sí ojú títì. Àwọn oníwádìí nípa ìlú ti kọ nípa àwọn àfikún ilé wọ̀nyí, nítorí wọ́n yí ìrísí àdúgbò odindi padà. Wọn kì í sábà wọ inú balùwẹ̀ wò. Ohun tí ojú kò rí láti ìta kò sí nínú àwòrán ìlú, bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ pé nínú balùwẹ̀ ni owó kékeré ti lè ṣe iṣẹ́ tí yóò hàn sí ìdílé lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n táìlì nígbà náà kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè fọwọ́ kàn. Faïence, ìyẹn táìlì ògiri amọ̀ tí ó fẹ́lẹ́, tí ó sì ń fa omi, ni wọ́n ń lò. Oníṣẹ́ á rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí díẹ̀ kí ó má baà fa omi inú sìmẹ́ǹtì gbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹ̀kọ sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí ó nípọn lẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa fi ìdí ṣọ́bìrì ọwọ́ rẹ̀ gbá a títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú okùn. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n kò lè ṣe é. Ohun tí ó yí èyí padà ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ní 1956, Henry Rothberg dá ilé-iṣẹ́ Laticrete sílẹ̀ ní Connecticut lórí sìmẹ́ǹtì tí a fi rọ́bà olómi pò, tí ó lè di táìlì mú bí a bá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Irú sìmẹ́ǹtì alátè bẹ́ẹ̀, tí Faransé ń pè ní ciment-colle, ni ó wà nínú àpò ní gbogbo ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé ní Abidjan lónìí. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí ó ní sùúrù lè lẹ táìlì mọ́ ògiri tí ó tẹ́jú láìjẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì ni ọ̀wọ́n. Iye kòkó àti kọfí wó lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní àwọn ọdún 1980, ìjọba sì dẹ́kun ilé olówó pọ́ọ́kú kíkọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ní January 1994, àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ná owó CFA kéde ní Dakar pé iye owó náà ti wálẹ̀: franc Faransé kan, tí ó ti jẹ́ 50 franc CFA, di 100. Táìlì tí ó ti Faransé, Ítálì tàbí Sípéènì wá di ìlọ́po méjì iye rẹ̀ ní owó CFA láàárín òru ọjọ́ kan, owó oṣù kò sì di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó ti ra táìlì sílẹ̀ tí kò sì lè san owó oníṣẹ́ ní ọ̀nà méjì: kí ó jẹ́ kí táìlì wà nínú páálí, tàbí kí ó háyà ẹni tí Abidjan ń pè ní tâcheron, ìyẹn oníṣẹ́ àgbàṣe, fún lílẹ̀ ẹ́ nìkan, kí òun fúnra rẹ̀ sì dí àlàfo rẹ̀. Nígbà tí táìlì Ṣáínà wá kún ọjà lẹ́yìn náà, iye táìlì rọ̀, àmọ́ àṣà kí onílé máa parí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò kúrò.

Kí ni ìwúlò àlàfo ná? Ọ̀pọ̀ tí kò mọ iṣẹ́ rò pé àléébù ni, pé bí táìlì bá fara kan ara wọn ni yóò dára jù. Òdìkejì ni òtítọ́. Táìlì kan kì í tóbi bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èkejì. Àlàfo ni ó ń gba ìyàtọ̀ náà mọ́ra. Ògiri ń wú díẹ̀ bí ó bá gbóná, ó sì ń sún bí ó bá tutù. Bí kò bá sí àyè, táìlì á ti ara wọn jáde. Ìlànà ìkọ́lé Faransé tí a mọ̀ sí DTU 52.2 ka lílẹ táìlì láìfi àlàfo sílẹ̀ léèwọ̀. Ó kéré tán, milimítà méjì ni fún inú ilé. Àgbélébùú oníke kékeré ni a ń fi sí igun táìlì kí gbogbo àlàfo lè dọ́gba.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ rí báyìí. A ó dúró ní wákàtí 24, ó kéré tán, lẹ́yìn lílẹ̀, nítorí bí a bá dí àlàfo nígbà tí àtè ṣì tutù, a ti ti omi mọ́ ẹ̀yìn táìlì nìyẹn. A ó yọ àgbélébùú oníke, a ó ha àtè tí ó yọ jáde, a ó sì gbá eruku kúrò. Fún àlàfo tí kò tó milimítà mẹ́ta, sìmẹ́ǹtì kíkúnná láìsí yanrìn ni. Èyí tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ yanrìn kíkúnná nínú kí ó má baà sán. Ọ̀pọ̀ ní Abidjan ń lo sìmẹ́ǹtì funfun lásán, nítorí ó rọjú ju èyí tí ilé-iṣẹ́ ti pò sílẹ̀ lọ. Ìyẹ̀fun ni a ń dà sínú omi, kì í ṣe omi sórí ìyẹ̀fun, a ó sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí a tó tún un rò. Pákó tí a lẹ rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. A ń fà á gba ẹ̀gbẹ́ àlàfo ní ìdábùú, nítorí bí a bá fà á tẹ̀lé àlàfo, etí rọ́bà á wọ inú rẹ̀, á sì kó ohun tí a fi sí i jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 30, a ó fi fóòmù tí a ti fún omi rẹ̀ dànù nù ún.

Omi fóòmù yìí ni ó ń tú àṣírí ọ̀gbẹ̀rì. Ẹni tí ó bá tètè nù ún, tàbí tí fóòmù rẹ̀ ń kán tótó, á fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lójú àlàfo, á sì fi omi kún èyí tí ó kù. Bí ó bá gbẹ, yóò ní àwọ̀ àbàwọ́n, yóò sì máa rọ bí ẹfun. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù ń bá sìmẹ́ǹtì gbígbẹ jà lójú táìlì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ra asíìdì. Asíìdì yóò fọ ojú táìlì lóòótọ́. Yóò tún jẹ sìmẹ́ǹtì inú àlàfo, nítorí ohun tí ó mú sìmẹ́ǹtì le gan-an ni asíìdì ń yọ́. Igun tí ògiri méjì ti pàdé, àti ibi tí ògiri ti kan ilẹ̀, kò yẹ kí ó gba sìmẹ́ǹtì rárá. Sílíkóònù ni ó yẹ ibẹ̀, nítorí ojú méjèèjì kì í rìn pọ̀, sìmẹ́ǹtì á sì là.

Ojú ọjọ́ Abidjan kò ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ìlú náà wà láàárín ọ̀sà Ébrié àti òkun. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún omi jálẹ̀ ọdún, June sì ni òjò rẹ̀ ń pọ̀ jù. Balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré kì í gbẹ láàárín ìwẹ̀ àárọ̀ àti ti alẹ́, ohun dúdú a sì máa hù lójú àlàfo láàárín oṣù díẹ̀. Yanrìn ìkọ́lé ìlú náà, láti inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń fà púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀ tí a kò fọ̀ ọ́, iyọ̀ náà á bá omi jáde, á sì hó funfun lójú ògiri. Omi abẹ́ ilẹ̀ Abidjan pẹ̀lú kan díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi ẹfun tọ́jú rẹ̀ kí a tó pín in fún àwọn ilé. Ẹni tí ó bá ń fi omi kànga wẹ̀ ń fi omi tí a kò tọ́jú bẹ́ẹ̀ fọ sìmẹ́ǹtì lójoojúmọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, sìmẹ́ǹtì inú àlàfo kì í dá omi dúró pátápátá. Ó ń dín in kù ni. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò tí ó wà lẹ́yìn táìlì ń fa omi bí òwú; bí a kò bá fi ohun tí omi kì í gbà kọjá kùn ún kí a tó lẹ táìlì, omi tí ó gba àlàfo sísán wọlé yóò wá ọ̀nà jáde. Nínú àwọn ilé onílà-ìlà tí aládùúgbò méjì jọ ní ògiri kan, ọ̀nà náà sábà máa ń jẹ́ yàrá ẹlòmíràn. Ọ̀dà aládùúgbò á bó, aṣọ inú àpótí rẹ̀ á máa rùn, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó ni balùwẹ̀ yóò máa tọ́ka sí táìlì rẹ̀ tí ó ń dán gbinrin. Níbí ni ọ̀rọ̀ ohun ìní ti tún yọjú: ògiri kan náà ni ti ẹni méjì, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni ó rí àlàfo tí ó là. Àwọn ilé alájà tí ó ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí ìjọba tún ti bẹ̀rẹ̀ ètò ilé olówó pọ́ọ́kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010 ti mú ọ̀rọ̀ náà le sí i, nítorí nínú tiwọn, omi ń kán láti òkè. Ìkànìyàn 2021 fi hàn pé àwọn olùgbé Abidjan ti lé ní 5,600,000. Ilé tí ó dá dúró láàyè ara rẹ̀ ti ń di ti olówó.

Àwọn Anango tí wọ́n ṣì wà nínú yàrá àgbàlá àjùmọ̀lò rí ọ̀ràn náà láti ọ̀nà jíjìn. Púpọ̀ nínú wọn kò náwó sórí ilé ní Abidjan, níbi tí wọ́n ka ara wọn sí àlejò. Èjìgbò ni wọ́n kọ́ ilé sí. Ọkọ̀ ńlá ń lọ tààrà láti Èjìgbò sí Abidjan, a sì ń gbọ́ Faransé ní ọjà Èjìgbò. Ẹni tí ó ti wẹ̀ ní balùwẹ̀ àjùmọ̀lò fún ọgbọ̀n ọdún lè ní balùwẹ̀ alátáìlì méjì nílé, tí ó ń lò ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún.

Fún àwọn tí ó wà nílé tiwọn ní Yopougon tàbí Cocody, iṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lónìí ni títún àlàfo dí, láìyọ táìlì. A ó fi ọ̀bẹ onírin líle ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ jáde, ó kéré tán dé ìdajì ìjìnlẹ̀ àlàfo, kí tuntun lè rí ibi dìmú. Èyí tí a bá kàn rẹ́ lé orí àtijọ́ yóò bó. Láti December sí February, nígbà tí òjò ti dá, ni ògiri máa ń gbẹ tó fún iṣẹ́ náà. Bí ọyẹ́ bá wá fẹ́ dé ìlú náà, sìmẹ́ǹtì tuntun lè yára gbẹ jù, kí ó sì sán. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń wọ́n omi díẹ̀ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìdílé a sì máa wẹ̀ ní ilé aládùúgbò.